Ilé Wo Ni Ọmọ Mi Yóò Ti Gbọ́ Ọ?

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nígbà tí mo dé Èkó ni pé mo gbọ́ gbogbo ohun tí àwọn èèyàn ń sọ, síbẹ̀ àlejò ni mí. Mo ti rò pé èdè tí a jọ ń sọ yóò jẹ́ kí n tètè dà bí ọmọ ilé. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti lanu báyìí, wọn a wò mí, wọn a bi mí pé níbo ni mo ti wá. Bí mo bá ní Kétu ni, wọn a ní, "Kétu tó wà lẹ́bàá Ọ̀jọ́ta?" N óò tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé kì í ṣe ìyẹn, Kétu ti ilẹ̀ Faransé ni, ìlú ọlọ́ba, ìlú tí àwọn baba ńlá mi ti ń gbé láti ìgbà láéláé. Kí n tó dé ìdajì àlàyé náà, ẹni tó bèèrè á ti kọjú síbòmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n bá mi wá orúkọ. Ní ilé ìtẹ̀wé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ṣómólú, Kétu Òkèèrè ni wọ́n ń pè mí. Ní ilé tí mo ń gbé ní Ladi-Lak ní Bàrígà, wọ́n ń pè mí ní Ẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ èdè Ẹ̀gùn tí mo gbọ́ kò ju kí n kí èèyàn káàárọ̀ lọ.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin, Rẹ̀mílẹ́kún, la jọ wá. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó bí ọmọ kejì, ọmọ náà kò sì dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò lè gbé inú ilé yẹn mọ́. Mo mọ iṣẹ́ ìtẹ̀wé, àwọn Fada ló kọ́ mi láti kékeré, mo sì gbọ́ pé ní Ṣómólú, bí èèyàn bá ń rìn lọ ní òpópónà, ìró ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni yóò máa sìn ín láti ojúlé dé ojúlé. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa. Káàdì ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà ẹgbẹ́, ìwé orin ìjọ, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ọ̀gá mi, Alhaji, jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Bàbá rẹ̀ ti ṣe akọ̀wé nígbà ayé òyìnbó, òun náà sì fẹ́ràn kí nǹkan wà létòlétò. Iṣẹ́ tó fún mi ni kí n máa to lẹ́tà òjé, ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ojú ọ̀rọ̀ yóò kọ ẹ̀yìn síni, kí ẹ̀rọ tó wá tẹ̀ ẹ́ dáadáa sórí ìwé. Ó wò mí níṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Àwọn ológun ló ń ṣe ìjọba nígbà náà. Sójà ni yóò dúró ní ibùdókọ̀ pẹ̀lú kòbókò pé kí a tò sórí ìlà. Wàrà àti ọṣẹ ìfọṣọ di ohun tí èèyàn ń gbọ́ òórùn wọn láti òkèèrè. Ọjọ́ mìíràn wà tí a óò dé ibi iṣẹ́ tí kò ní sí ìwé, tí kò ní sí yíǹkì, a óò kàn máa nu ẹ̀rọ. Èyí tó kàn mí jù lọ ni pé wọ́n ti ibodè pa. Kétu tí kò jìnnà rárá wá di òkè òkun lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n tún ní kí àwọn àlejò tí ìwé wọn kò pé kúrò nílùú. Ìwé tèmi ti parí, n kò sì rí ọ̀nà tí n óò gbà lọ tún un ṣe. Nítorí náà mo dín ọ̀rọ̀ kù. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní Bàrígà, mo ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ níta, mo sì ń fi èdè tiwa pamọ́ sínú yàrá fún èmi àti ọmọ mi.

*

Rẹ̀mi ti wọ kíláàsì kejì ní ilé ìwé girama tó wà nítòsí wa ní Bàrígà nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá gbogbo aṣọ mi lórí okùn, àtèyí tó mọ́ tẹ́lẹ̀ àtèyí tó dọ̀tí. Ó ti fọ ìkòkò, ó ti da gàrí sínú agolo. Ó fi ibi tí iyọ̀ wà hàn mí, ó fi ibi tí ìṣáná wà hàn mí. Ó sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ se ọbẹ̀, kí n jẹ́ kí ata jiná kí n tó da epo sí i, nítorí mo máa ń kánjú. Mo rí i tó mú rìbọ́n rẹ̀ tó fẹ́ràn jù, tó fi so irun ọmọ kékeré kan ní yàrá kejì sí tiwa. Inú mi dùn. Mo ní nínú ara mi pé ọmọ mi ti ń dàgbà.

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní inú ń run òun. Nígbà tí mo padà dé, orí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló jókòó sí, kò fẹ́ jókòó sórí ibùsùn. Ó ti tẹ́ àpò kan sábẹ́ ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ, kò sunkún.

Ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. Àìsàn tó pa ìyá mi ti mú mi."

Mo bi í pé ta ló sọ fún un pé àìsàn kan pa ìyá rẹ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Ó ní òun wà lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ náà, òun rí aṣọ tí wọ́n ń kó jáde, òun rí ẹ̀jẹ̀.

Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, n kò mọ̀ pé ọmọ yìí rí nǹkan kan. A ti ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ aládùúgbò. A rò pé ó lọ. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni ẹ̀jẹ̀ náà ti wà lójú rẹ̀, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí tirẹ̀ sì wá dé, kò sí ohun mìíràn tó lè rò. Ló bá ń palẹ̀ mọ́. Ó ń fọ aṣọ mi sílẹ̀, ó ń kọ́ mi bí n óò ṣe máa se ọbẹ̀ jẹ nígbà tí òun kò bá sí mọ́.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní, "O ò ní í kú. Kò sí àìsàn kankan lára rẹ."

Ó wo ojú mi bóyá irọ́ ni mò ń pa. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ̀jẹ̀ fi ń jáde?"

Mo mọ ohun tó jẹ́, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò gbọ́ kí ọkùnrin kan sọ ọ́ fún ọmọbìnrin. Ohun tí mo lè sọ ni pé ó ń ṣe gbogbo obìnrin, pé kí ó fọkàn balẹ̀, pé mò ń bọ̀. Mo sì jáde.

*

Nínú ẹbí tiwa ní Kétu, ọ̀rọ̀ yìí ní ẹni tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àṣàkẹ́, ni ì bá pe ọmọ náà sí ẹ̀yìnkùlé. Ì bá jókòó tì í, ì bá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ì bá sọ ohun tí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ sọ fún un, èmi kò sì ní í mọ̀ ju pé wọ́n pa adìyẹ lálẹ́. Bí a ṣe ṣe é fún òun nìyẹn, bí wọ́n ṣe ṣe é fún ìyá Rẹ̀mi náà nìyẹn. N kò rò ó rí pé iṣẹ́ ni, nítorí kì í ṣe èmi ló ń ṣe é.

Àṣé ohun tí èèyàn ń fi sílẹ̀ nígbà tó bá kúrò nílé pọ̀ ju ilẹ̀ àti òrùlé lọ. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ẹnu ẹnì kan pàtó ni wọ́n wà. Bí o bá fi ẹni náà sílẹ̀, o ti fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ẹ óò ní ṣebí àwọn obìnrin wà nínú ilé tí à ń gbé. Wọ́n wà, ọmọlúàbí sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kò níyàwó ni mí, tó ń gbé inú yàrá kan ṣoṣo pẹ̀lú ọmọbìnrin tó ń dàgbà, àlejò sì tún ni mí. N kò fẹ́ kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wa nídìí omi ẹ̀rọ.

Mo rìn lọ sí Palmgrove, sí ilé olóògùn kan tí wọn kò ti mọ̀ mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ló dúró ní ìdí káńtà. Mo kọ́kọ́ ra oògùn orí fífọ́. Mo wá rọra bèèrè ohun tí mo wá rà. Ó ní páádì kò sí, pé láti ìgbà tí ọjà òkèèrè kò ti wọlé mọ́ ni àwọn kò ti rí i. Ó bi mí bóyá ìyàwó mi ni mo fẹ́ rà á fún. Mo ní ọmọ mi ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó gbé òwú funfun kan jáde, ó fi bébà ìròyìn wé e. Ó ṣàlàyé fún mi bí wọ́n ṣe ń ká a sínú aṣọ mímọ́. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni ń júwe ọ̀nà. Mo dúpẹ́, mo gbé e sábẹ́ apá, mo sì kọ̀ láti wo ojú ẹnikẹ́ni títí mo fi délé.

*

Èmi àti Àṣàkẹ́ ti ṣe àdéhùn pé ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, yóò wá dúró ní ilé àwọn Fada ní Kétu, níbi tí tẹlifóònù wà, èmi náà yóò sì lọ sí ilé tẹlifóònù láti pè é. Oríire ló jẹ́ pé ọjọ́ kejì gan-an ni. Èrò kún ibẹ̀. A tò sórí ìlà, sójà kan sì ń rìn lọ rìn bọ̀ pẹ̀lú ìbọn. Nígbà tó kàn mí, ohùn Àṣàkẹ́ ń wá bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀ kànga. Mo rọra sọ ọ́. Kò gbọ́. Mo gbé ohùn sókè díẹ̀. Kò gbọ́. Ó ní ṣé Rẹ̀mi ń ṣàìsàn ni, ṣé kí òun máa bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́.

Mo ní, "Nǹkan oṣù Rẹ̀mi ti dé."

Mo pariwo rẹ̀ débi pé ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Sójà náà kọ ojú sí ògiri.

Àṣàkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún. Ó bi mí pé ta ló ti bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kò tíì sí. Ó ní èmi ńkọ́. Mo ní ọkùnrin ni mí.

Ó ní, "Ìwọ ni ìyá tó ní níbẹ̀ yẹn. Gbọ́ mi dáadáa, kí o sì máa tún un sọ kí n lè mọ̀ pé o gbọ́."

Bó ṣe jẹ́ nìyẹn o. Àṣàkẹ́ ń sọ ọ́ ní Kétu, èmi ń tún un sọ ní Èkó ní ohùn rara: bí yóò ṣe máa pààrọ̀ aṣọ, bí yóò ṣe máa fọ̀ ọ́ kí ó sì sá a sóòrùn, bí inú rírun ṣe máa ń wá tó sì máa ń lọ, bí ó ṣe yẹ kó máa ka ọjọ́. Àwọn èèyàn kọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, wọn kò rẹ́rìn-ín mọ́. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, àágùn ti bò mí. Ìyá àgbà kan tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà fọwọ́ kàn mí ní èjìká, ó ní, "Ẹ kú oríire, bàbá. Ọlọ́run á dá ọmọ náà sí fún yín." Mo jáde síta, mo sì rí i pé mi ò sá fún ojú èèyàn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo ní kí Rẹ̀mi jẹ́ ká rìn lọ sí Ìlàjẹ, sí etí ọ̀sà. Mo ti rò ó pé bí a bá jọ ń rìn, kò sẹ́ni tí yóò ní láti wo ojú ẹnì kejì. A gba àárín àwọn obìnrin tó ń yan ẹja kọjá. Ibẹ̀ ni mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí Àṣàkẹ́ ṣe sọ ọ́, n kò fo ọ̀kan. Mo tún sọ èyí tí Àṣàkẹ́ kò rán mi: bí ìyá rẹ̀ ṣe kú. Mo ní ìbímọ ló fa ẹ̀jẹ̀ tìyẹn, pé ẹ̀jẹ̀ náà kọ̀ láti dá, pé dókítà jìnnà sí wa lọ́jọ́ náà, pé kì í ṣe ohun kan náà rárá pẹ̀lú èyí tó dé bá a. Mo ní ìlera ni tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè. Ẹ̀jẹ̀ náà, ibo nínú ara ló ti ń wá? Kí ló dé tó jẹ́ obìnrin nìkan? Báwo ni ọmọ ṣe ń dénú? Mo dáhùn ohun tí mo mọ̀. Nígbà tí ìmọ̀ mi tán, mo sọ fún un pé ó tán. Mo ní kí ó bi tíṣà rẹ̀ ní ilé ìwé.

Ó ní, "Mìsíìsì Ọdúnlámì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ kíláàsì wa nírú ẹ̀ lẹ́yìn tí a bá jáde. Ṣùgbọ́n bàbá Sídíkátù ní kí wọ́n dá a dúró."

Bàbá Sídíkátù, ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni Alhaji, ọ̀gá mi.

*

Obìnrin Ìjẹ̀bú ni Mìsíìsì Ọdúnlámì, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ ìlera. Nígbà tí mo lọ rí i, kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún mi. Ó ní lọ́dọọdún ni òun ń rí ọmọ tó ń sá wá sí yàrá òun pẹ̀lú ẹkún, tó rò pé nǹkan kan ti já nínú òun. Ó ní lọ́dọọdún náà sì ni òun ń rí ọmọbìnrin kan tàbí méjì tí ikùn rẹ̀ yóò yọ, tí yóò sì sọ pé òun kò mọ̀ pé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ó ní àwọn òbí kan ti lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ìwé, wọ́n ní òun ń la àwọn ọmọ lójú. Wọ́n ti pe ìpàdé àwọn òbí fún ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó bi mí bóyá mo lè wá sọ̀rọ̀.

Mo sọ fún un pé ọ̀gá mi ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, pé ìwé mi kò sì pé. Ó ní òun gbọ́. Kò fi ipá mú mi.

Nílé, mo bi Rẹ̀mi pé bí mo bá ní kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú àwọn òbí, ṣé yóò tì í lójú. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́. Mìsíìsì ní kì í ṣe ohun ìtìjú."

Ní ọjọ́ ìpàdé, àwọn òbí kún gbọ̀ngàn, àwọn ìyá ní apá kan, àwọn bàbá ní apá kejì. Alhaji ló kọ́kọ́ dìde. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò sọ pé kí ọmọ má mọ nǹkan. Ó ní ohun tí òun ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ ara ọmọbìnrin jẹ́ ọ̀rọ̀ ilé, ìyá ló ni ín, inú ilé ni ó ti ní ọ̀wọ̀; bí wọ́n bá gbé e lọ sójú pátákó níwájú ogójì ọmọ, tí wọ́n fi ẹfun kọ ọ́, ọ̀wọ̀ rẹ̀ ti lọ. Púpọ̀ nínú àwọn òbí pàtẹ́wọ́ fún un. Ká sọ tòótọ́, bó bá jẹ́ ọdún kan sẹ́yìn ni, èmi náà ì bá pàtẹ́wọ́.

Mo dìde. Mo gbàgbé láti sọ̀rọ̀ bí ará Bàrígà. Èdè tiwa ló jáde lẹ́nu mi, bí a ṣe ń fà á ní Kétu. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ọkùnrin kan ní ìlà iwájú ní àlejò kọ́ ni yóò wá kọ́ àwọn bí àwọn yóò ṣe tọ́ ọmọ, pé kí wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá mo níwèé ìgbélùú. Mo fẹ́ jókòó.

Alhaji ló tún dìde. Ó kọjú sí ọkùnrin náà. Ó ní, "Ọmọ rẹ̀ wà nílé ìwé yìí bíi tèmi bíi tìrẹ. Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀." Ó sì jókòó.

Mo wá sọ ọ́. Mo ní, "Alhaji ní ilé ni kí a ti máa sọ ọ́, mo sì fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ilé wo ni ọmọ mi yóò ti gbọ́ ọ? Ìyá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi tó yẹ kó sọ ọ́ fún un wà lẹ́yìn ibodè tí wọ́n tì." Mo sọ bí Rẹ̀mi ṣe fọ gbogbo aṣọ mi sílẹ̀. Mo sọ bó ṣe kọ́ mi ní ọbẹ̀ sísè. Mo ní ọmọ ọdún méjìlá ló ń múra ikú sílẹ̀ nínú yàrá mi, tí èmi sì ń yìn ín lọ́kàn mi pé ó ń ṣe ọmọ dáadáa. Mo ní mo ti sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, mi ò sì tijú mọ́, ṣùgbọ́n ohun tí mo mọ̀ kò tó, mo sì dúpẹ́ pé ẹnì kan wà nílé ìwé tó mọ ìyókù. Mo ní kí wọ́n má tilẹ̀kùn yẹn mọ́ ọmọ mi.

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń fún imú rẹ̀. Ìyá kan láàárín àwọn ìyá wá dìde, ó ní òun náà kò sọ nǹkan kan fún àwọn ọmọ òun rí, nítorí kò sẹ́ni tó sọ fún òun náà. Òmíràn dìde lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tí ìpàdé yóò fi parí, wọ́n fẹnu kò pé kí ẹ̀kọ́ náà máa lọ, kí òbí tí kò bá fẹ́ lè mú ọmọ rẹ̀ kúrò.

*

Lọ́jọ́ kejì, mo dé ibi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo ti to àwọn irinṣẹ́ mi jọ, nítorí mo rò pé wọn yóò lé mi. Alhaji wọlé, ó kí mi, ó lọ jókòó. Ó pẹ́ kó tó pè mí.

Ó ní òun dé ilé lánàá, òun bi ìyàwó òun pé kí ló ti sọ fún Sídíkátù. Ìyàwó rẹ̀ ní òun rò pé ìyá Alhaji ti bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n bi ìyá àgbà. Ìyá àgbà ní òun rò pé ìyá ọmọ ti sọ ọ́. Wọ́n wá pe ọmọ náà. Sídíkátù ní òun ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Alhaji ní, "Ọmọ rẹ ló sọ fún un."

Ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó tún un dé. Ó ní òun kò yí ọ̀rọ̀ òun padà, pé ní ilé tòun, ilé ni yóò ti gbọ́ ọ, òun sì ti ní kí ìyàwó òun bẹ̀rẹ̀ lánàá náà. Òun kò ní í jẹ́ kí Sídíkátù lọ sí kíláàsì náà. Ṣùgbọ́n òun ti rí i pé ọ̀pọ̀ ilé ló ń dúró de ara wọn. Ó ní kí n sọ fún tíṣà yẹn pé kí ó kọ ohun tó bá yẹ kí òbí mọ̀ sílẹ̀ ní Yorùbá tó mọ́, kí n tò ó, kí a tẹ̀ ẹ́ níbí, kí gbogbo òbí mú un lọ sílé, àtẹni tó fẹ́ àtẹni tí kò fẹ́.

Èmi àti Mìsíìsì Ọdúnlámì ṣe iṣẹ́ náà pọ̀. Ó ń wá sí ilé ìtẹ̀wé bí ilé ìwé bá ti jáde. A jọ ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí gbogbo nǹkan jẹ́ orúkọ rẹ̀ gan-an. Èmi ń wá bí ìyá kan yóò ṣe lè kà á sókè fún ọmọ rẹ̀ kí ohùn rẹ̀ má gbọ̀n. Alhaji a máa gbọ́ wa láti ìdí tábìlì rẹ̀, a sì máa dá sí i nígbà mìíràn. Òun ló sọ pé kí a kọ́kọ́ kọ "Ìlera ni" sókè pátápátá, kí a fi lẹ́tà tó tóbi jù kọ ọ́. Nígbà tí bébà àkọ́kọ́ jáde, mo mú un lọ́wọ́, yíǹkì rẹ̀ kò tíì gbẹ. Mo ti to ìwé orin, mo ti to káàdì ìgbéyàwó àwọn tí mi ò mọ̀, ṣùgbọ́n èyí ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo tò ní Èkó tó jẹ́ pé mo lè ní ti èmi ni.

*

Wọ́n ṣí ibodè nígbà tó yá. Àṣàkẹ́ wá kí wa, ó sun ọ̀dọ̀ wa, ó sì bi mí bóyá n óò máa palẹ̀ mọ́ báyìí. Mo ti rò ó láìmọye ìgbà pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà ni n óò lọ. Mo wá rí i pé n kò fẹ́ lọ. Mo tún ìwé mi ṣe, mo sì dúró. Kì í ṣe pé Bàrígà ti di Kétu fún mi, kò lè dà bẹ́ẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti dìde níwájú èèyàn tí mo fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀, tí ọ̀rọ̀ náà sì ràn, n kò lè pe ibẹ̀ ní ìdálẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Rẹ̀mi dé kíláàsì tó kẹ́yìn, Mìsíìsì Ọdúnlámì ní kí ọmọ mi àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì máa bá àwọn ọmọ tuntun sọ̀rọ̀ kí ẹ̀kọ́ ọdún tó bẹ̀rẹ̀. Èmi ló máa ń kó bébà náà lọ fún wọn láti Ṣómólú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé e dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì, mo gbọ́ ohùn ọmọ mi nínú. Ó dúró níwájú àwọn ọmọ kéékèèké, kò sì yára, kò ṣe bí ẹni tó ń ka àkọ́sórí. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ilé ara rẹ̀. Mo dúró sí gbangba ìta.

Ọmọ kan nawọ́. Ohùn rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Ó bi í pé, "Àǹtí, ṣé ìyá yín ló sọ fún yín?"

Rẹ̀mi ní, "Rárá. Bàbá mi ni."

Àwọn ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. Rẹ̀mi kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó dúró títí wọ́n fi dákẹ́, ó wá ní, "Ó sọ ọ́ fún mi dáadáa." Ó sì bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Mo nu ojú mi. Mo gbé bébà náà sí apá kan, mo tún kọ́là ẹ̀wù mi ṣe, mo sì kanlẹ̀kùn.